Rúlà Ẹ̀gbẹ́ Máṣíìnì

Tí ọkọ mi bá ń hanrun, ará ilé kejì á ti fèrèsé. Kì í ṣe àsọdùn. Ìyá tó ń gbé níbẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn kọ́kọ́ rò pé jẹnẹrétọ̀ la rà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, jẹnẹrétọ̀ ni, àmọ́ kì í tan iná fúnni.

Ọ̀sán ló máa ń hanrun, torí òru ló ń ṣiṣẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá ni, irú èyí tó máa ń gbéra nírọ̀lẹ́ tó máa ń já èrò sílẹ̀ ní ìlú mìíràn lóru, tó sì máa ń kó òmíràn bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é ní gáréèjì, nítorí bó bá ń wakọ̀, ìyá arúgbó á sùn débi tó ń lọ láìjẹ́ pé orí rẹ̀ gbá gíláàsì. Tó bá ti dé láàárọ̀, á wẹ̀, á jẹun, á fa kọ́tìnì, oorun á sì gbé e lọ.

Èmi ní tèmi, aránṣọ ni mí. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní, pálọ̀ sì làwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí, torí náà inú yàrá ni mo gbé máṣíìnì sí, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí orí bẹ́ẹ̀dì wà gan-an. Mo máa ń ká etí kọ́tìnì kan sókè díẹ̀ kí n lè rí ojú abẹ́rẹ́. Ó ń sùn, mo ń ránṣọ. Bá a ṣe ń gbé nìyẹn látìgbà tá a ti fẹ́ra. Àwọn tọkọtaya mìíràn máa ń sùn pọ̀. Ní tiwa, ọ̀kan á máa sùn, èkejì á máa tẹ máṣíìnì.

Kí ẹ má rò pé híhanrun yẹn ló ń dà mí láàmú. Ariwo kì í pa èèyàn. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni àyà mi máa ń já. Á máa han án lọ, á máa han án bọ̀, lójijì á dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, àyà rẹ̀ á máa fò sókè, atẹ́gùn ò sì ní wọlé, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ti há mọ́ ọn. Tó bá yá, á fa èémí kan tó lágbára, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un títí. Ó ní ẹni tí oorun bá ń dùn mọ́ ló ń hanrun, pé kí n lọ béèrè. Ta ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ń jí, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó ń tòògbé nídìí oúnjẹ, òun náà ló ń sọ pé oorun dùn.

Àfi lọ́jọ́ tó sùn lọ nídìí ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kún fún èrò. Ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó lọ fẹnu gún òkìtì iyanrìn táwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe kó jọ. Ọlọ́run ló gbé iyanrìn yẹn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Ìyá kan fẹnu gbá ìjókòó iwájú, eyín rẹ̀ kan sì yọ. Ọkọ mi sọ fún wọn pé nǹkan kan ló sáré kọjá níwájú òun. Èmi tí mo mọ ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọ̀gá gáréèjì kì í ṣe ọmọdé. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ oorun rẹ̀ wò. Tí wọ́n bá ní ara rẹ̀ le, kó padà wá sídìí ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Tí wọ́n bá ní kò le, ó dìgbóṣe.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Ó gbé báàgì kékeré kan jáde, ó sì yọ ẹ̀rọ kan tí kò ju rédíò alápò lọ. Bẹ́líìtì kan wà tí wọ́n máa so mọ́ àyà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n máa fi sábẹ́ imú, àti ohun kan tí wọ́n máa fi há ìka ọwọ́.

“Ẹ ò ní sùn níbí,” nọ́ọ̀sì sọ fún un. “Ilé yín lẹ máa sùn, lórí bẹ́ẹ̀dì yín, bẹ́ ẹ ṣe máa ń sùn gẹ́lẹ́. Gbogbo ìgbà tí èémí yín bá dúró, ẹ̀rọ yìí á rí i.”

“Nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi lẹ bá so ó mọ́,” ọkọ mi dá a lóhùn. “Òun ni kì í sùn. Máṣíìnì rẹ̀ á máa kígbe sí mi létí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ má bú mi o, mo ń gbàdúrà nínú mi pé kí wọ́n rí àìsàn lára ọkọ mi. Mo ní Ọlọ́run, ẹni yìí ò gbọ́ tèmi, jẹ́ kó gbọ́ ti ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lára, mo fa kọ́tìnì, oorun gbé e lọ. Mo ní yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé tí mo fẹ́ rán, ẹrù rẹ̀ ga dé èjìká mi. Mo jókòó ti máṣíìnì, mo tẹjú mọ́ iṣẹ́. Mo ń gbọ́ ọ tó ń hanrun, inú mi ń dùn. Mo ní ṣé ìwọ ẹ̀rọ ń gbọ́?

Ìgbà tá a padà débẹ̀, nọ́ọ̀sì wo kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ara yín le, sà. Èémí yín ń já lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́ rárá tó fi ń padà. Tí kò bá pẹ́, ẹ̀rọ kì í kà á sí.”

Ọkọ mi jó. Láàárín àwọn aláìsàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó jó. Ní tèmi, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da omi tútù lé mi lórí. Mo ní ṣé ẹ̀rọ yìí ò ti bàjẹ́ báyìí? Nọ́ọ̀sì ní kò bàjẹ́. Mo ní ṣé kì í ṣe ti ẹlòmíràn ló ń wò? Ó ní rárá, mà. Ọkọ mi dá ijó rẹ̀ dúró, ó wò mí.

“Kí ló wà nínú kí n ṣàìsàn tó ń wù ọ́ báyìí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. A padà sílé. Mo wá ń rò ó pé bóyá etí mi ni kò dáa, bóyá ìbẹ̀rù ló ń jẹ́ kí n máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí níbẹ̀. Ọkọ mi bọ́ sẹ́yìn ilé, ó ń fọ bàtà tó fi ń wakọ̀, ó ń súfèé. Mo lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo aṣọ òkú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá bá wa yọ̀. Àǹtí Tísà ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, nítorí wọ́n ṣe tísà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Àwọn ni wọ́n tọ́ ọkọ mi lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ojú wọn kì í fo nǹkan. Tó o bá fi òwú kan sílẹ̀ létí aṣọ, wọ́n á nàka sí i. Wọ́n dé bá ọkọ mi lójú oorun, torí pé òun kì í sùn lóru mọ́, iṣẹ́ ì báà wà, kó má wà. Wọ́n ní kí n má jí i. Wọ́n jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, èmi ń ránṣọ lọ, à ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ń sọ fún wọn nípa oníbàárà mi kan tó sanra sí i láàárín ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n àti ìgbà tó wá gba aṣọ, tó wá ń sọ pé èmi ni mo gé aṣọ rẹ̀ kéré. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi.

“Kí lo ń fi igi yẹn gún un fún?”

“Igi wo, Àǹtí?”

“Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ.”

Mo wolẹ̀. Rúlà onígi gígùn tí mo fi ń wọn aṣọ wà lọ́wọ́ òsì mi. Ẹnu rẹ̀ kan wà ní ìhà ọkọ mi.

“Mo ti ń wò ẹ́ látìgbà tí mo ti jókòó,” wọ́n ní. “Tó bá ti dákẹ́, ẹsẹ̀ ẹ á dúró lórí máṣíìnì. Wàá na ọwọ́, wàá mú igi yẹn, wàá gún un. Á mí. Wàá gbé igi sílẹ̀, wàá sì máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ. O ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Mo rò pé wọ́n ní kó o máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni.”

Kò sẹ́ni tó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ń ṣe é. Mo wo rúlà náà bí ẹni tí kò rí i rí. Nọ́ńbà ti pa rẹ́ ní ẹnu rẹ̀ kan, igi ibẹ̀ sì ti ń dán. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé aṣọ ló jẹ ẹ́. Mo rọra ká síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi sókè. Àpá dúdú kan wà ní ìhà rẹ̀ níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Mo ti fi oríṣiríṣi ìpara pa á, mo ní ooru ló fà á.

Ìgbà náà lọ́rọ̀ wá yé mi. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, mo jókòó síbí. Mo rán yunifọ́ọ̀mù látàárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Gbogbo ìgbà tí èémí rẹ̀ dúró, kí ẹ̀rọ tó kà á, mo ti gún un.

“Àǹtí,” mo ní, “èmi ni mo ba ìdánwò náà jẹ́.”

“O ò bà á jẹ́,” Àǹtí Tísà sọ. “Ìwọ lo ṣe é fún un. Mo mọ ọmọ tí ẹlòmíràn bá ṣe ìdánwò fún.”

Ohun mìíràn tún sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ tó fẹnu ọkọ̀ gún iyanrìn, mi ò sí nílé ní gbogbo ọ̀sán. Mo lọ ra òwú àti bọ́tìnnì. Òun nìkan ló sùn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kí n má bàa ké.

Ó jí, a sọ fún un. Inú bí i débi pé ó ń rìn yípo yàrá náà, tí kò tó rìn yípo.

“Ṣé mo kú ni? Wọ́n á máa figi gún mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò sì ní mọ̀?”

“Ọkọ mi, ẹ wo ìhà yín,” mo ní.

“Ooru ni! Ìwọ lo sọ pé ooru ni!” Ó na ìka sí mi. “Ó ti pẹ́ tó o ti ń wá bí wàá ṣe gbà mí kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹ̀rọ ní ara mi le, kò tẹ́ ọ lọ́rùn. O lọ wá rúlà.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọkọ mi ni mo máa ń bọ̀wọ̀ fún jù. “Ẹ” ni mo ń pè é, àní nínú ìbínú. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

“O máa kú!” mo kígbe mọ́ ọn. “O máa sùn lọ, o máa kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ṣé iyanrìn ló máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni?”

Ó ní kí n má fẹnu mi pe ikú lé òun lórí. Ó ní òun ń lọ ní Sátidé. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. “Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?” ó ní. “Látìgbà tí mo ti dàgbà, ọkọ̀ ni mò ń wà. Tí wọ́n bá gbà á, ta ni mo jẹ́?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú rẹ̀ sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tí màá mú nínú méjèèjì. Àǹtí Tísà ló dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ sílé ni. Wọ́n ká aṣọ wọn sókè díẹ̀, wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì kúnlẹ̀ síwájú àbúrò wọn.

Ọkọ mi fò dìde bí ẹni tí iná jó. “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Kí lẹ fẹ́ kí ayé sọ?”

“Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú,” wọ́n ní láti ilẹ̀. “Sùn lẹ́ẹ̀kan sí i kí aya rẹ má sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí ẹ̀rọ bá tún ní ara rẹ le, èmi fúnra mi ni màá sìn ọ́ dé gáréèjì.”

Òun náà ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun gbà. Ó ní kí wọ́n ṣáà dìde.

Èmi nìkan ni mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn ń dúró de ẹ̀rọ náà, ó sì ti ń mi orí kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kó gbọ́ tèmi ná. Mo sọ fún un nípa rúlà. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Gbogbo ọjọ́ yẹn, mà, ẹ̀yin lẹ ń jí i?”

“Mi ò mọ̀, nọ́ọ̀sì. Mo ń ránṣọ ni.”

Ó wọ inú lọ, ó gbé báàgì kan jáde. Ó ní ẹni tó kàn kò ní í wá gbà á títí di Sátidé, pé kí n dá a padà láàárọ̀ Sátidé láìkùnà. Ó wá sún mọ́ mi. “Ẹ má wọ inú yàrá náà. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá ti ń gún un, irọ́ la tún máa kà.”

“Tí kò bá wá mí mọ́ ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń jí i, mà. Bó ṣe ń rí nígbà tẹ́ ẹ bá jáde lọ nìyẹn.”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ó sì fọwọ́ bà mí léjìká. Àmọ́ kò sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Mo dúró díẹ̀ bóyá ó máa sọ ọ́, kò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti Àǹtí Tísà gbé máṣíìnì lọ sí pálọ̀. Mo so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ mi lára. Ó gbé apá sókè kí n lè fa bẹ́líìtì. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Àǹtí Tísà jókòó sórí àga tó dojú kọ ilẹ̀kùn náà, wọ́n gbé rúlà lé itan bí ìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì. Èmi jókòó ti máṣíìnì. Aṣọ tí mo fi sábẹ́ abẹ́rẹ́, mi ò mọ ti ta ni.

Híhanrun bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ní kí n máa ránṣọ. Mo rán díẹ̀. Ó dákẹ́.

Ẹsẹ̀ mi dúró. Ọwọ́ òsì mi nà sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wá, ó sì di òfìfo mú. Mo wo ọwọ́ náà. Nínú yàrá, kò sí ìró kankan. Ọkọ̀ ta fèrè lójú títì, àwọn ọmọ ń ṣeré lábẹ́ fèrèsé, inú yàrá sì dákẹ́. Mo dìde. Kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó fa èémí, ó bú bí ẹranko, ó sì tún ń hanrun. Mo padà jókòó. Òógùn ti bò mí.

Ó tún dákẹ́. Ó tún mí. Ó tún dákẹ́, èyí pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Mo ń gbọ́ igi bẹ́ẹ̀dì tó ń dún, torí ara rẹ̀ ń jà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti gbogbo ọdún yìí. Mo rò pé aṣọ ni mò ń rán. Lójoojúmọ́, mo ń jà á gbà lọ́wọ́ ikú, mo sì ń lọ dáná ọbẹ̀.

Kí n má tàn yín, mi ò lágbára rárá. Mo ki etí aṣọ bọ ẹnu, mo gé e jẹ. Mo kúrò lórí àga, mo jókòó sílẹ̀ ti ilẹ̀kùn, mo gbé etí lé e. Mo ní Ọlọ́run, mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kó rí bẹ́ẹ̀, má dá mi lóhùn mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ kan wá dé tí kò lọ. Mo dúró, kò lọ. Mo na ọwọ́ sí ọwọ́ ilẹ̀kùn.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gún un.”

Àǹtí Tísà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò sì nù ún. Àwọn ló tọ́ ọ. Èmi fẹ́ ẹ ni.

“Tó o bá wọlé, á wakọ̀ lọ́la,” wọ́n ní. “Ta ló máa bá a mú rúlà lọ́nà?”

Mo fi orí gbá ilẹ̀kùn náà pẹ̀lẹ́. Mo dúró. Lẹ́yìn ìgbà tí mo ti sọ̀rètí nù, mo gbọ́ èémí náà, ó ń fà á wọlé bí ẹni tó ń fa okùn kànga. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bá a ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, ìyá arúgbó àti èmi, a di ara wa mú, títí oòrùn fi kúrò lára fèrèsé pálọ̀. Mi ò mọ iye ìgbà tó kú tó jí.

Nígbà tó wá jí, ariwo nǹkan tó ṣubú la kọ́kọ́ gbọ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó dúró síbẹ̀, bẹ́líìtì ti yí sí ẹ̀gbẹ́, rọ́bà ń fì lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, òógùn rin síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbindin. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tó sọ nù lọ́jà. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi tí mo wà nílẹ̀ ló ń wò.

“Níbo lo wà?” ó ní. “Mò ń retí ẹ. Mo retí ẹ títí, o ò wá.”

Àǹtí Tísà yíjú sógiri. Èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Láàárọ̀ Sátidé, nọ́ọ̀sì wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dìde, ó lọ pe dókítà. Dókítà wò ó, òun náà jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀mí tó wà lára ọkùnrin yìí, ẹnì kan ló ń bá a dì í mú. Ó ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìdí ọkọ̀. Ó ní ẹ̀rọ mìíràn wà, tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí èèyàn nímú tó bá ń sùn, pé tó bá ti ń lò ó dáadáa, bóyá lọ́jọ́ iwájú wọ́n á tún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gbé yẹ̀ wò. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò sí nílẹ̀. A ní láti dúró dè é.

Ọkọ mi lọ sí gáréèjì fúnra rẹ̀, ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà tó dé, ó mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ká a, ó fi sísàlẹ̀ àpótí. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́, kò kí mi. Mo rán an létí ohun tó sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní òun ò sọ nǹkan kan. Ó wá ń jókòó sí pálọ̀ tọ̀sán-tòru, ó ń bá oorun jà, ó ń fi omi tútù bọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Mo tún mọ̀ pé kò tíì dárí jì mí, bóyá kò sì ní í dárí jì mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan. Ìgbà tí mo wọlé, pálọ̀ ṣófo, máṣíìnì mi kò sí níbẹ̀. Mo sáré wọ yàrá.

Òun nìkan ló gbé e. Ẹrù ẹni méjì ni máṣíìnì yẹn, ó gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé, ó sì ti ká etí kọ́tìnì sókè. Ó ti bá mi sọ rúlà kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù tí Àǹtí Tísà jù ú sí, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri, ìhà tí àpá wà kọ sí mi.

“Ránṣọ,” ó ní. “Ó ti rẹ̀ mí.”

Mo jókòó. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó kọ̀, mo tún un kì. Oorun ti gbé e lọ kí n tó fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan. Ó ń hanrun, ó ń hanrun, ó dákẹ́. Mo mú rúlà, mo gún un, ó mí. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ pé mo mú un, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀ mọ́.